Tèmi Rèé, Tìẹ Dà?

Ta ló rẹ́rìn-ín yẹn? Àyìnkẹ́, ìwọ ni? Mo gbọ́ ohun tó o sọ sí ọkọ rẹ létí. O ní àwọn tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé kejì yẹn kò mọ̀ ọ́n gún. Ìyàwó tuntun, àná lo dé, òní lo ti ń dájọ́ odó fún wa! Ó dáa. Gbogbo ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ tẹ́tí. Gbì... gbìgbì. Gbì... gbìgbì. Lóòótọ́ ni, ó ń tiro. Ọmọ odó kan ń bọ̀ bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ, èkejì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú, n ò sì tíì jẹ iyán tó kúnná tó iyán inú odó yẹn.

Òjò ò tíì fẹ́ dá. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ kó tètè lọ tọ̀, nítorí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́túndùn rèé, tí mo fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú ihò ìkookò, tí ìkookò fi rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ ni! Àmọ́ ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ẹnu àwọn méjèèjì tó ń gúnyán yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyàwó sọ tirẹ̀, ọkọ náà sọ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá ti bára mu, èyí tó dùn jù ni mo mú.

Ẹfúnyẹmí ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Agbo ilé tí èèyàn pọ̀ sí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí ọmọbìnrin méjì ti máa ń dojú kọ odó kan nítorí pé ẹnu tó fẹ́ jẹun pọ̀. Tí ọ̀kan bá ti sọ ọmọ odó tirẹ̀ kalẹ̀, á ké sí èkejì pé, "Tèmi rèé, tìẹ dà?" kí tọ̀hún tó sọ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn tí ọmọ odó kì í fi í kọlura, tí orí ẹnikẹ́ni kì í fi í fọ́.

Ọdẹ́rìndé lọkọ rẹ̀. Ọdẹ gidi ni, kì í ṣe irú ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó ń fi pàkúté ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe fáàrí. Òun àti Láṣebìkan ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wọgbó. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọ Igbó Ìdágìrì. Àwọn méjì ló lọ, ẹnì kan ló bọ̀. Ọdẹ́rìndé ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, kò sí fìlà lórí rẹ̀, kò sí ìbọn léjìká rẹ̀.

Àwọn ọdẹ pé jọ. Ọdẹ́rìndé la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Olúọdẹ sì nawọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ní, "Ohun tí ojú ọdẹ bá rí nínú igbó, inú ọdẹ ló ń gbé." Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n ṣe ìsípà, ètùtù ìkẹyìn tí wọ́n ń ṣe fún ọdẹ tó bá kú, wọ́n kọrin, wọ́n mu ẹmu, wọ́n tú ká. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ tí Olúọdẹ sọ yẹn dára fún ẹni tó bá rí àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ di obìnrin. Kò dára fún ẹni tó rí ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Egbò tí a ò fọ̀ tí a fi ewé bò, ìdin ni yóò kí wa níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ọdẹ́rìndé kò gbádùn mọ́. Bí ẹnì kan bá ju igi ìdáná sílẹ̀, ẹ ó bá a lábẹ́ àká. Bí àwọn ewúrẹ́ bá sáré kọjá lójúde, á gun igi ọsàn lọ, á di ẹ̀ka mú, á máa gbọ̀n, àwọn ọmọdé á sì máa pa àtẹ́wọ́ fún un. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á máa wò ó bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n gbé e wá fún. Ẹfúnyẹmí ń ṣe bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ó ń sọ pé, "Ọkọ mi, ẹ ṣọkàn akin. Ẹ gbàgbé." Ọkùnrin náà kì í dáhùn.

Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Ọdẹ́rìndé gba inú ẹrẹ̀ kọjá lójúde, Ẹfúnyẹmí sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ ọ̀tún wà níbẹ̀ ketekete, ìka márààrún. Ti òsì kò sí. Ọkùnrin náà wọ́ ẹsẹ̀ yẹn kọjá nínú ẹrẹ̀ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹrẹ̀ náà kò sì mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. Ẹfúnyẹmí ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó di ilé Olúọdẹ.

Olúọdẹ gbọ́ tán, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ìdajì ọkọ rẹ ló wá sílé. Ìdajì tó kù ṣì wà níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, koríko ń bọ̀. Tí koríko tuntun bá bo ojú ibẹ̀, ọ̀nà ilé ti sọ nù mọ́ ọn lójú nìyẹn, èyí tó wà nílé á sì lọ bá a."

"Ta ló lè lọ mú un wá?"

"Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ ni."

"Baba, ẹni tí kò lè dúró níwájú ewúrẹ́?"

Ẹfúnyẹmí padà sílé, ó gbé ọmọ odó lé èjìká, ó ní kí ọkọ òun dìde. Ọkọ rẹ̀ wo ọmọ odó, ó wo ojú rẹ̀. Ẹfúnyẹmí ní, "Ohun tí mo mọ̀ ọ́n lò nìyí. Tí mo bá gbé ìbọn, ẹ̀yin gan-an ni n ó yìn ín mọ́."

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe débẹ̀. Ọ̀nà Igbó Ìdágìrì kì í jìn sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Bí àyà rẹ̀ bá ti já lẹ́ẹ̀kan, ó ti débẹ̀.

Àwọn iwin inú igbó yẹn ò lójú, wọn ò nímú. Etí ló bo gbogbo ara wọn, etí lórí, etí láyà, etí ní àtẹ́lẹsẹ̀, àyà jíjá ni wọ́n sì ń jẹ bí ẹ̀yin ṣe ń jẹ ẹ̀pà mi láti àárọ̀. Bí àyà èèyàn bá já, wọ́n á gbọ́, wọ́n á wá jókòó tì í, wọ́n á máa retí èyí tó kàn. Ẹ̀ka igi kan ṣẹ́, Ọdẹ́rìndé fò sókè, iwin kan sì yọ. Ẹfúnyẹmí di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù." Iwin kejì yọ. Ó ní, "Ẹ gbàgbé ohun tó ti kọjá!" Bíi mélòó kan ló yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Àbí ẹ kì í ṣe ọkùnrin ni?" Háà! Igbó kún fọ́fọ́.

Inú wá bí i. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó fi lu ilẹ̀ gbìì, kí wọ́n lè sá. Wọn ò sá. Ọdẹ́rìndé ló ṣubú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, èémí rẹ̀ ń já lu ara wọn, àwọn elétí náà sì gùn ún láyà, wọ́n lẹ etí mọ́ ọn, wọ́n ń jẹ. Ẹfúnyẹmí fà wọ́n títí, wọn ò ṣe é fà. Ètè ọkọ rẹ̀ ti ń funfun bí eérú. Ẹ̀rù tó ba obìnrin náà níbẹ̀, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, àti lórí ìkúnlẹ̀ pàápàá.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìró kan, kékeré, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tó. Tó. Tó. Ìyá arúgbó kan jókòó nídìí odó òfìfo, kò síṣu nínú rẹ̀, kò sómi, ó ń fi igi tín-ínrín kan kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Iwin lòun náà, àmọ́ tirẹ̀ ní ojú àti imú, irun imú rẹ̀ gùn débi pé ó dì í ní ìpàkọ́, ṣùgbọ́n ojú àánú wà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló ní kó o fi igi tó tóbi tó yẹn jí ẹni tí kò sùn?"

"Ìyá, ẹ gbà mí! Wọ́n fẹ́ pa á!"

"Kúnlẹ̀. Fi ìka kan ọmọ odó rẹ. Kàn án bí èémí ọkọ rẹ ṣe ń lọ, kì í ṣe bó ṣe wù ọ́ kó máa lọ. Bó bá ń sáré, bá a sáré. Má fà á. Ẹni tó bá rí ẹni bá a rìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín ẹsẹ̀ kù."

Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀. Ó fi ìka kan igi náà. Èémí Ọdẹ́rìndé ń sáré, ìka náà bá a sáré. Èémí náà ta kọsẹ̀, ìka náà bá a ta kọsẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni èémí náà dẹwọ́ díẹ̀, bí ẹni tó bojú wẹ̀yìn tó rí i pé òun ò dá wà. Elétí kan gbé etí kúrò, ó gbọn orí rẹ̀, ó dìde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àyà tó bá ti rí nǹkan fẹ̀yìn tì, àwọn iwin yẹn kì í gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá arúgbó ní, "Mo ti ràn yín lọ́wọ́, ó kù kẹ́ ẹ já àlọ́ mi dípò owó. Kí ló ń bẹ láàárín ọmọ odó méjì tí wọn kì í fi í kọlura?"

Ẹfúnyẹmí ní, "Ojú ni."

"Mo mọ afọ́jú tó ń gúnyán."

"Ọgbọ́n ni."

"Ṣé o ò rí òmùgọ̀ tó ń gúnyán rí? Ó dára. Má sọ òmíì. Iwájú yín ni ìlú Ìṣísẹ̀kan wà, kò sì sí ọ̀nà míì. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú ọba wọn láìtíì mọ̀ ọ́n, wọ́n á gún yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Gbogbo ará ìlú Ìṣísẹ̀kan ló jọ ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba wọn jókòó ní gbàgede, ó ń fi ọ̀pá irin kan ilẹ̀, kán, kán, kán, bí ọ̀pá ti ń balẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo ìlú ń balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń mi ọmọ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni baba àgbà ń jẹ obì, kódà adìyẹ ibẹ̀ kì í ṣá àgbàdo títí ọ̀pá yóò fi balẹ̀. Odó kan wà níwájú ọba, ó tóbi tó yàrá mi yìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń ju ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé sí.

Bí Ọdẹ́rìndé ṣe tẹ ẹnubodè, gbì... gbìgbì, gbogbo ìlú dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yí wọn ká. Ọba ké sí wọn láti gbàgede pé, "Àlejò ò mọ òfin, mo yọ̀ǹda èyí. Ẹ padà sí ẹnubodè, kẹ́ ẹ tún rìn wá bá mi. Tí ìṣísẹ̀ bá tún ṣì, odó ló ni yín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹfúnyẹmí ti gbàgbé gbogbo ohun tí ìyá arúgbó kọ́ ọ. Ikú ń bẹ níwájú, ta ni yóò rántí ẹ̀kọ́? Ó fi apá kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó ń fà á, ó ń kẹ́lẹ́ sí i létí pé, "Ọ̀tún, òsì! Ọ̀tún, òsì! Ẹ yára! Ẹ tún un ṣe!" Bó ṣe ń yára tó ni ẹsẹ̀ òsì náà ń ṣì tó. Ó fi ọmọ odó lulẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè tẹ̀ lé e, ó lù ú mọ́ ẹsẹ̀ náà, díẹ̀ ló kù kó fọ́ ọ lọ́mọ ìka. Òógùn bò wọ́n. Odó ìlú ń sún mọ́ wọn.

Ọdẹ́rìndé wá dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, kò tíì fọhùn. Ó ní, "Ẹfúnyẹmí, fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo ṣì. Ìwọ máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun obìnrin náà dé ọkàn. Ó fẹ́ bínú, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ tó ń fa gbogbo wàhálà yìí bí ẹni pé ó fẹ́ bá a jà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀, gbì. Lẹ́yìn náà, òfìfo. Lẹ́yìn náà, ti òsì dé, ó kọsẹ̀, ó tún ara rẹ̀ gbé: gbìgbì. Ó tún wò ó. Gbì, òfìfo, gbìgbì. Kò yí padà. Ẹsẹ̀ náà kì í sọnù. Ó ń pẹ́ dé ni, ìwọ̀n kan náà ló sì ń pẹ́ nígbà gbogbo. Inú òfìfo yẹn gan-an ni òun ti ń lu ọmọ odó láti àárọ̀!

Ó ké, "Dídúró deni ni! Ìyá, ohun tó wà láàárín ọmọ odó méjì, dídúró deni ni!"

Ó gbé ọmọ odó, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó ti ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí odó láyé ọmọdé ló ké sí ọkọ rẹ̀, àmọ́ a kì í fi ìwọ pe ọkọ ẹni, ó ní, "Tèmi rèé, tiyín dà?"

Ó sì dúró. Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Ọ̀pá irin ọba ń dún, kán, kán, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dì í lápá, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ní kó fa ọkùnrin náà. Kò fà á. Ó dúró dè é. Ẹsẹ̀ òsì wá dé: gbìgbì.

Ó tún sọ tirẹ̀. "Tiyín dà?" Gbìgbì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń tiro gẹ́lẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi í sílẹ̀ láìmọ̀, wọ́n sì rìn bẹ́ẹ̀ títí dé iwájú ọba.

Ọba ní, "Ẹ ti ba ìṣísẹ̀ ìlú mi jẹ́."

Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Bí ẹnì kan bá ń tiro, arọ ni. Bí ẹni méjì bá ń tiro pọ̀, ijó ni. Òfin yín ní kí ẹsẹ̀ má ṣì. Ẹsẹ̀ tiwa ò ṣì."

Ọmọ ọwọ́ kan wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara, gbì, gbìgbì. Ìyá rẹ̀ gbá a nídìí, ṣùgbọ́n èjìká tirẹ̀ náà ti ń mì. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọba alára rọra sún, ọba sì sáré fi agbádá bò ó. Ó ní, "Ẹ gba ẹnubodè òkè lọ. Ẹ yára, kí ìlú mi tó gbàgbé ìrìn!"

Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ wà lẹ́yìn ẹnubodè yẹn. Ẹfúnyẹmí kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Igi arère kan ló dúró níbẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rí wúruwùru bí oko tí ẹlẹ́dẹ̀ tú, koríko tuntun sì ti hù yí i ká, ó ku ìba díẹ̀ kó kan ìdí igi. Lókè, lórí ẹ̀ka, Ọdẹ́rìndé mìíràn jókòó. Fìlà rẹ̀ wà lórí, ìbọn rẹ̀ wà léjìká, ó di igi mú pẹ̀lú apá méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe yọ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Gìrìgìrì, gìrìgìrì. Pátákò ẹfọ̀n ni. Wọn ò rí ẹfọ̀n kankan, ìró pátákò rẹ̀ nìkan ló ń yí igi náà po, nítorí ọjọ́ ọ̀ràn yẹn kò tíì parí níbẹ̀. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti pa ẹkùn, mo ti na erè, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́, n ó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Àyà Ọdẹ́rìndé já. Àwọn elétí yọ orí láàárín ewé.

Ẹfúnyẹmí kò pariwo. Ó fi ìka kan ọmọ odó, tó, tó, tó, bí èémí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sáré. Ó bá a sáré títí ó fi dẹwọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọmọ odó kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Tèmi rèé, tiyín dà?" Ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìndé dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rìn la inú ìró pátákò náà kọjá dé ìdí igi.

Ẹni òkè bojú wolẹ̀. "Ta ni yín?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Èmi ni ìwọ."

"Irọ́ ni. Èmi ò tiro. Bó o bá jẹ́ èmi, já àlọ́ yìí. Àwọn méjì wọgbó. Ẹnì kan wà lórí igi, ẹnì kan wà nílẹ̀. Ta ló kú?"

Ẹnu Ọdẹ́rìndé là, kò sí ohùn. Ó dà bíi pé ọwọ́ Olúọdẹ tún ti bo ẹnu rẹ̀. Ẹfúnyẹmí mọ èsì àlọ́ náà, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú yín? Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ń yún un. Pátákò ń sún mọ́ wọn. Koríko ti kan gbòǹgbò igi, ó ń yọ́ gun ara rẹ̀ lọ. Obìnrin náà gé ètè jẹ, ó gbé ọmọ odó lélẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Ó dúró dè é. Ó ní nínú gbogbo ìrìn àjò náà, ibi tó le jù nìyẹn.

Ọdẹ́rìndé sọ ọ́.

Ó ní, "Láṣebìkan ló kọ́kọ́ rí ẹfọ̀n náà. Ó tì mí mọ́ igi, ó ní kí n gùn ún. Mo gùn ún. Mo na ọwọ́ sí i, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Òógùn ti bo ọwọ́ wa. Ó yọ̀ bọ́. Mo rí gbogbo ohun tí ẹfọ̀n náà ṣe sí i. Ìbọn wà léjìká mi, ọwọ́ mi ò lè gbé e. Orúkọ mi ló ń pè. Nígbà tó dákẹ́ tí ẹfọ̀n lọ, mo já bọ́." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Láṣebìkan ló kú. Èmi ò kú. Ìwọ náà ò kú. A ti jókòó sórí igi yìí bí òkú, a ò sì kú."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ odó tí ìyàwó rẹ̀ gbé lélẹ̀. Ó sọ ọ́ mọ́ ìdí igi, gbì. Ó gbójú sókè, ó ní, "Tèmi rèé, tìẹ dà?"

Ẹni òkè kò dáhùn. Koríko ń gùn. Ọdẹ́rìndé náà ò fà á, kò bú u, kò ní kó ṣe bí ọkùnrin. Ó dúró dè é. Ìró kan wá dún láàárín ẹ̀ka, ìdí ìbọn lára igi: gbìgbì.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú un sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ka kan fún ìró kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ìró pátákò dákẹ́. Ẹfúnyẹmí wo iwájú, ọkùnrin kan ṣoṣo ló rí, fìlà lórí, ìbọn léjìká, ẹkún lójú. Ó wo ẹrẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Ọdẹ́rìndé kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ ìyá Láṣebìkan ló kọ́kọ́ lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe sọ ọ́ lábẹ́ igi. Wọ́n ń rò pé ìyá yóò fi í bú. Ìyá bi í léèrè pé, "Ṣé ó dì ọ́ lọ́wọ́ mú?"

"Ó dì mí mú, Ìyá."

"Ọwọ́ wo ni?"

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá gbà á, ó gbé e sáyà, kò sì fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Olúọdẹ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn, kò tún sọ òwe kankan.

N ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ tán. Títí dòní, bí ewúrẹ́ bá sáré, ọwọ́ Ọdẹ́rìndé máa ń gbọ̀n. Bó bá ti ń gbọ̀n, Ẹfúnyẹmí á fi ìka kan ohunkóhun tó bá wà nítòsí, àwo o, àga o, á sì dúró. Torí rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ń bá ìyàwó rẹ̀ gúnyán, tí àwọn ọkùnrin abúlé yìí fi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi sú wọn. Àwọn ni wọ́n wà lẹ́yìnkùlé yẹn, Àyìnkẹ́. Ìwọ ṣáà ti ní wọn ò mọ̀ ọ́n...

Yéè! Ẹ gbọ́ àrá yẹn bí? Ó sán mọ́ wa lórí gan-an!

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ dákẹ́. Odó ti dúró.

Ẹ má dìde. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde! Àyìnkẹ́, jókòó, kò sí ohun tó o lè lọ ṣe fún wọn níbẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ní n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká dúró.

Gbì.

Obìnrin yẹn nìyẹn. Ó ti sọ tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mí.

...

Gbìgbì.

Ẹ wá wo Àyìnkẹ́ tó ń fi ìka kan àga mi! Nu ojú rẹ, ọmọ mi. Lọ fọ àwo, kó o sọdá lọ bá wọn gba iyán wá.